Ilé Àtijọ́ ní Abúlé: Kí Ìwé Ṣáájú Àlejò

Àwọn àgbà máa ń wí pé ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Òótọ́ ni. Bí aláta kan kò bá pàtẹ lónìí, ẹlòmíràn yóò gba àyè rẹ̀ kí oòrùn tó yọ, ariwo ọjà kò sì ní í dín. Ṣùgbọ́n ilé tí baba ẹni kọ́ sí abúlé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Lọ́dún kìíní, ikán yóò gun òpó. Lọ́dún kejì, afẹ́fẹ́ yóò ká páànù kan sókè, òjò yóò sì rí ọ̀nà dé orí ògiri. Bí ó bá fi máa tó ọdún mẹ́wàá, òkìtì amọ̀ tí ewúrẹ́ ń gùn ni a ó bá níbi tí wọ́n bí baba wa sí.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a ń tajà ní Ọ̀yìngbò, tí a sì ń gbé Ẹ̀búté-Mẹ́tta, Yábàá, Múṣin àti Sùúrùlérè, ni a ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ní Ẹ̀gbá, ní Ọ̀yọ́, ní Ìjẹ̀ṣà tàbí ní Èkìtì. Yàrá kan ni à ń gbà ní Èkó, a sì ń sanwó rẹ̀ fún onílé ní pípé. Ilé tiwa ń wó lọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀kọ́ ti oṣù mẹ́ta yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ a lè tún irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ṣe, kí a sì máa fi wọ́n gba àlejò tí ó fẹ́ wá sinmi ní ìgbèríko, kí àlejò náà sanwó, kí owó náà sì ṣe àwọn ará abúlé ní àǹfààní? Àwọn kan ti ṣe é ní òkè òkun, àwọn kan sì ti ṣe é ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín. Ó gún régé níbi kan, ó sì forí ṣánpọ́n níbòmíràn. Kì í ṣe ẹwà ilé ló fa ìyàtọ̀, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni òwò náà, àti bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ kí àlejò àkọ́kọ́ tó sùn.

BÍ ÒWÒ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1936 ni òfin fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọọdún pẹ̀lú owó oṣù wọn. Òṣìṣẹ́ wá ní àkókò, ṣùgbọ́n owó òtẹ́ẹ̀lì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ọ̀dọ́ ń fi oko sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, ilé àgbẹ̀ sì ń ṣófo. Ní 1951, ní abúlé Chaudol, ní ẹkùn olókè tí wọ́n ń pè ní Basses-Alpes nígbà náà, wọ́n ṣí ilé àgbẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tún ṣe fún irú àlejò bẹ́ẹ̀. Gîte ni wọ́n ń pè é. Émile Aubert, aṣòfin àgbà láti agbègbè náà, ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1955, àwọn onílé wọ̀nyí ti ní àpapọ̀ kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ kíyè sí i pé onílé kọ̀ọ̀kan ni ó ni ilé rẹ̀ àti èrè rẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ àpapọ̀ ni láti yẹ ilé wò bóyá ó dára tó, àti láti jẹ́ kí àlejò mọ ibi tí yóò rí i.

Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà ní ilẹ̀ Gíríìsì. Láti 1975, àjọ ìjọba tí ó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn onílé ní àwọn abúlé bí Oia, Makrinitsa, Mesta, Papingo àti Vathia. Àwọn mìíràn nínú ilé náà ti di ahoro. Oia, bí àpẹẹrẹ, ni ìmìtìtì ilẹ̀ ti fọ́ ní 1956. Ìjọba tún ilé ṣe, ó ń fi gba àlejò fún iye ọdún tí wọ́n jọ dá, lẹ́yìn náà ni ilé yóò padà sọ́wọ́ onílé. Iṣẹ́ tó dára ni, ilé tí ì bá wó kò wó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kì í ṣe gbogbo ilé ni ó bá àwọn ará abúlé ní ìmúrasílẹ̀. A kò fi kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ bí a ti ń ṣírò owó sábẹ́lì, owó ọṣẹ àti owó àtúnṣe. Báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ ọ́n lójijì?

Èyí tí ó wù wá jù ní ilẹ̀ Gíríìsì ni ti àwọn obìnrin abúlé Petra, ní erékùṣù Lesbos. Ní 1983, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwọn sílẹ̀. Kò sí ilé ńlá kankan tí wọ́n rà. Yàrá tí ó ṣófo nínú ilé kálukú ni wọ́n tún ṣe, ẹgbẹ́ ni ó ń gba àlejò wọlé tí ó sì ń pín wọn sí ilé, wọ́n sì ṣí ilé oúnjẹ kan pa pọ̀ ní gbàgede abúlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé ni wọ́n ti ń ṣe láti kékeré láìrí owó tí ó jẹ́ tiwọn gan-an. Ẹ̀yin ìyá wa ní Ọ̀yìngbò tí ẹ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí obìnrin ní owó lọ́wọ́, ẹ kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÀWỌN ÀGỌ́ ABÚLÉ NÍ CASAMANCE

Ẹ jẹ́ kí a wá sí itòsí. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gàl, agbègbè kan wà tí a ń pè ní Casamance. Àwọn Diola ni wọ́n pọ̀ níbẹ̀, àgbẹ̀ onírẹsì sì ni wọ́n. Ní ìhà abúlé Enampore, wọ́n ní irú ilé kan tí ẹni tí ó bá mọ agbo ilé Yorùbá àtijọ́ yóò rò pé òun ti rí rí. Ilé náà rí roboto. Yàrá yí àgbàlá kan ká ní àárín, òrùlé koríko sì dà sínú, tí ó fi jẹ́ pé omi òjò ń ṣàn wá sí àárín ilé. Ibẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ní ilẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni ilé alákòdì ṣe rí: yàrá yí ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ yípo, òrùlé dà sínú, ìkòkò àti odù wà nísàlẹ̀ láti gbe omi òjò. Igun mẹ́rin ni tiwa ní, tiwọn ṣe roboto. Ìyàtọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1970 àti díẹ̀ lé, àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá ti ń dé etíkun Sẹ̀nẹ̀gàl. Àlejò á wọkọ̀ òfurufú wá láti Yúróòpù, á dúró sí òtẹ́ẹ̀lì, á yá oòrùn, á padà lọ. Owó tí ó san, díẹ̀ ni ó ń kúrò nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì wọ ọjà àwọn ará ìlú. Onímọ̀ nípa àwùjọ kan, ará Faransé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Christian Saglio, àti Adama Goudiaby tí ó jẹ́ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Wọ́n lọ bá àwọn ará abúlé pé kí wọn fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé àlejò kan, pẹ̀lú amọ̀ àti igi àti koríko ilẹ̀ wọn, ní àwòṣe ilé tí baba wọn ń kọ́. Elinkine wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà, Enampore tẹ̀ lé e, ó sì ran dé Affiniam, Baila, Oussouye àti àwọn mìíràn. Owó díẹ̀ wá láti òkèèrè fún àwọn ohun tí abúlé kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ti àwọn ará abúlé. Saglio fúnra rẹ̀ kọ ìtàn iṣẹ́ náà sínú ìwé kan tí ó jáde ní 1979.

Kí a má ṣe pa irọ́: ilé tuntun ni wọ́n kọ́ ní àwòṣe àtijọ́, kì í ṣe ilé àtijọ́ gan-an ni wọ́n tún ṣe. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n kọ́ ọ, ọgbọ́n àti mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò parẹ́ pẹ̀lú àwọn àgbà, ó sì ṣeé ṣe láti máa tún àwọn ti àtijọ́ ṣe.

Bí wọ́n ṣe tò ó ni ó kàn wá jù. Abúlé ni ó ni àgọ́ náà, kì í ṣe ẹnì kan, kì í ṣe olóyè kan, kì í sì í ṣe oníṣòwò láti ìlú ńlá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti abúlé ni ó ń bójú tó o, tí ó ń yan ẹni tí yóò se oúnjẹ àti ẹni tí yóò tọ́jú ilé. Iye ibùsùn kò pọ̀, kí àlejò má ba à bo onílé mọ́lẹ̀. Oúnjẹ tí abúlé ń jẹ ni àlejò ń jẹ, ìrẹsì àti ẹja. Nígbà tí owó bá wọlé, tí wọ́n sì ti san owó òṣìṣẹ́ àti ti àtúnṣe, ìpàdé abúlé ni ó ń pinnu ohun tí wọn yóò fi ìyókù ṣe. Iyàrá ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn kékeré àti ilé ìgbẹ̀bí wà lára ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ ti ṣe ní Casamance.

Bí a bá dúró níbẹ̀, ìtàn adùn ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 1982, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Casamance láàárín ìjọba àti àwọn tí ó fẹ́ kí agbègbè náà dá dúró, ó sì gùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1995, ará Faransé mẹ́rin tí ó wá ṣe ìbẹ̀wò di àwátì níbẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ọkọ̀ ojú omi Le Joola tí ó ń ná ọ̀nà Ziguinchor sí Dakar dojú dé, ènìyàn tí ó lé ní 1,800 sì kú. Àlejò dín kù gidigidi. Àwọn àgọ́ kan tì, àwọn kan bàjẹ́, àwọn kan sì tún dìde nígbà tí ara rọ̀. Àwọn abúlé náà kò kú, nítorí pé oko ìrẹsì wọn wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti pa oko tì torí àlejò ni, ẹ̀yin ẹ wò ó.

Ẹ kò sì ní láti dé Sẹ̀nẹ̀gàl kí ẹ tó rí àpẹẹrẹ. Ní ìhà àríwá Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ilẹ̀ Koutammakou ní àwọn ilé amọ̀ alájà tí ó dà bí ilé ìṣọ́, tí a ń pè ní tata. Àjọ UNESCO fi ti Tógò sínú àkójọ ohun ìní àgbáyé ní 2004, wọ́n sì fi ti Bẹ̀nẹ̀ kún un ní 2023. Àlejò ń lọ síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn láti rí ilé amọ̀. Ilé amọ̀ ni àwa ń fi kátápílà wó.

ILÉ TIWA

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ nípa ilé gan-an, nítorí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò.

Ilé amọ̀ kì í ṣe ilé yẹpẹrẹ. Wọ́n po amọ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kúnná, wọ́n mọ ìpele kan, wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri náà nípọn, nítorí náà ó ń tutù lọ́sàn-án. Ọ̀tá rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: omi láti òkè, omi láti ìsàlẹ̀, àti ikán. Bí òrùlé bá yọ síta dáadáa, tí omi kò dúró ní ẹsẹ̀ ògiri, tí a sì ń yẹ igi wò nígbà gbogbo, ilé amọ̀ yóò pẹ́ ju ẹni tí ó kọ́ ọ lọ.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ tí ó rí owó ní Èkó fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ kí ó lè dàbí ilé òyìnbó. Amọ̀ a máa fẹ̀ bí ó bá tutù, a sì máa sún kì bí ó bá gbẹ. Símẹ́ńtì kì í bá a ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò là, omi yóò gba ojú ibi tí ó là wọlé, kò sì ní í rí ọ̀nà jáde mọ́. Lójú ẹni tí ń kọjá lọ, ilé ń dán. Nínú, ẹsẹ̀ ògiri ti di ẹrẹ̀. Amọ̀ ni ó yẹ kí a fi rẹ́ amọ̀, pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, kí a sì máa tún un rẹ́ lẹ́yìn ìgbà òjò níbi tí ó bá ti bó. Àwọn Hausa a máa fi omi èèpo igbá kun ti wọn kí òjò má ba à tètè fọ̀ ọ́. Àwọn ìyá wa ní àwọn ibòmíràn ń fi bọ̀tọ̀ màlúù pa ilẹ̀ yàrá títí yóò fi dán. Kí a wá àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣe lọ, kí ó kọ́ ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí a sì sanwó fún un gẹ́gẹ́ bí a ti ń sanwó fún bíríkìlà.

Ní ti òrùlé, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n ń lò ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ewé gbòdògì ni ní ilẹ̀ igbó. Wọ́n tutù, ṣùgbọ́n iná ń jẹ wọ́n, a sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ wọn. Páànù ti wà lórí ilé púpọ̀ ní ilẹ̀ wa ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. A kò rí ìdí tí a ó fi ṣí páànù tí ó dára torí àlejò. Kí a fi ọparun ṣe àjà sí abẹ́ rẹ̀, ooru yóò dín, ariwo òjò yóò sì dín.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ilé àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe tí ó sì ń ṣiṣẹ́, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀yìngbò wọ ọgbà Réluwéè ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta. Ilé Jaekel wà níbẹ̀. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ fún àwọn ọ̀gá réluwéè. Ẹgbẹ́ Legacy tún un ṣe ní 2010, ó sì di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé réluwéè. Ilé igi àti bíríkì ni, kì í ṣe ilé abúlé, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí ó gbó kò tíì kú. Èyí tí ó bani nínú jẹ́ ni ti Ìlọ́jọ̀ Bar ní Ìta Tinúbú, ilé àwọn Àgùdà tí ìjọba ti kéde láti 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ìwé ìjọba wà lórí ilé náà, òfin sì wà. Ohun tí kò sí ni àdéhùn tí ó jẹ́ kí títọ́jú ilé náà mú owó wọlé fún àwọn tí ó ni ín ju wíwó rẹ̀ lọ.

TA NI Ó NI KÍ NI?

Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ilé tí a ń sọ yìí, ilé ẹbí ni. Kò sí ẹnì kan tí ó lè dá a yá ènìyàn tàbí dá a tà, ìbáà ṣe ẹni tí ó fi owó tirẹ̀ kan páànù rẹ̀. Olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ìdílé gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sí i. Bí a bá gbé owó ẹgbẹ́ wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ láìsí èyí, ọjọ́ tí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ni ọmọ tí a kò tíì rí rí yóò dé láti Jọ́ọ̀sì.

Ẹ rántí pé ọ̀nà méjì ni a fi ń pín ohun ìní ní ilẹ̀ Yorùbá: ìdí-igi, tí a fi ń pín in ní iye ìyàwó tí baba ní, àti orí-ojorí, tí a fi ń pín in ní iye ọmọ. Ẹjọ́ ìdílé Dáwódù àti Danmọle ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án ni baba náà fi sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ fi ọwọ́ sí ìdí-igi. Owó tí àwọn lọ́yà jẹ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ilé mélòó ni ì bá tún ṣe?

Nítorí náà, èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ilé jẹ́ ti ẹbí. Òwò jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn ará abúlé àti àwọn ọmọ abúlé tí ó wà ní Èkó jọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹbí yóò yá ẹgbẹ́ ní ilé fún iye ọdún kan, ká ní mẹ́wàá, nínú ìwé tí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ sí lójú ẹlẹ́rìí. Ìwé náà yóò sọ iye tí ẹbí yóò máa gbà, ẹni tí yóò san owó àtúnṣe, yàrá tí ẹbí yóò pa mọ́ fún ara rẹ̀ nígbà ìnáwó àti ìsìnkú, àti bí ilé yóò ṣe rí lọ́jọ́ tí a óò dá a padà. Bí ẹbí bá fẹ́ pín owó tiwọn ní ìdí-igi tàbí ní orí-ojorí, wàhálà tiwọn nìyẹn, kò kan akápò ẹgbẹ́. Kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbé abúlé. A tẹnu mọ́ èyí, nítorí pé àwa ará Èkó fẹ́ràn láti máa fi fóònù pàṣẹ fún àwọn tí ó ń gbá ilẹ̀.

ÌṢIRÒ

Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ilé kan ní yàrá mẹ́rin fún àlejò. Ọdún ní òru 365, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi 365 ṣírò. Àkókò Iléyá, Kérésìmesì, Àjíǹde àti àjọ̀dún ìlú ni èrò ń lọ sílé. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà ní itòsí Ìjẹ̀bú-Òde nígbà Ojúde Ọba, tàbí ní itòsí Òṣogbo ní oṣù Kẹjọ nígbà ọdún Ọ̀ṣun, yóò rí èrò ju ẹlòmíràn lọ. Ká ní òru 40 ni. Yàrá mẹ́rin ní ọ̀nà 40 jẹ́ 160. Wọn kò ní í kún tán, ká mú 120. Bí àlejò bá san ₦10,000 fún yàrá kan ní òru kan, ₦1,200,000 ni ó wọlé.

Nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan, ká ní ₦35 lọ fún àwọn tí ó ń gbálẹ̀, tí ó ń fọṣọ, tí ó sì ń ṣọ́ ilé. ₦15 lọ fún ọṣẹ, omi àti iná. ₦20 wọ àpò àtúnṣe ògiri àti òrùlé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án fún ohun mìíràn. ₦15 jẹ́ ti ẹbí onílé. Ó ku ₦15, èyí tí í ṣe ₦180,000 nínú odindi ọdún. Bí ẹgbẹ́ bá ti yá ₦1,800,000 láti fi tún ilé náà ṣe, ọdún mẹ́wàá gbáko ni èrè yìí nìkan yóò fi san án, láìka èlé. Bí òru àlejò bá sì já sí 60, owó tí ó wọlé dín sí ìlàjì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé kò ní í gba ìlàjì owó oṣù.

Ẹ̀yin náà ti rí i. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé òwò yìí ń yára mówó, ó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín ni. Ilé tí a kò jẹ́ kí ó wó ni èrè rẹ̀ tí ó tóbi jù, owó ọwọ́ tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a fi owó èlé ńlá bẹ̀rẹ̀. Kí a fi ọ̀wẹ̀ àti àáró mọ ògiri bí àwọn Diola ti ṣe, kí a sì fi owó ìpín tí a dá jọ ra ohun tí ọwọ́ kò lè ṣe: ìṣó, ìlẹ̀kùn, ibùsùn, àwọ̀n ẹ̀fọn. Kí yàrá méjì kọ́kọ́ ṣí ná.

ÀLEJÒ ÀKỌ́KỌ́

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó yẹ kí abúlé múra sílẹ̀ dè é. Ṣáláńgá tó mọ́, omi tó mọ́, àwọ̀n ẹ̀fọn lórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan: bí ọ̀kan bá kù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a má tíì gba ẹnikẹ́ni. Kí iye owó wà lára ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i, kí orúkọ àlejò wọ ìwé, kí Baálẹ̀ sì gbọ́ pé àlejò dé. Oúnjẹ abúlé ni kí a fún un, ọ̀jọ̀jọ̀, ìkọ́kọrẹ́, iyán, ohunkóhun tí ilẹ̀ náà bá mọ̀ ọ́n sè. Kò wá láti Èkó torí àtijẹ núdùùsù. Ojúbọ àti ibi ìsìnkú kì í ṣe ibi eré. Kí abúlé fúnra rẹ̀ pinnu ibi tí àlejò lè ya fọ́tò dé, kí ó tó di ìjà.

Ta wá ni àlejò náà? Àwọn kan ń wo ojú òyìnbó. Àwa rò pé ọmọ tiwa ni kí ó kọ́kọ́ wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí Múṣin, sí Sùúrùlérè àti sí Lọ́ńdọ̀nù ni kò tíì sùn nínú ilé amọ̀ rí, tí kò mọ ohùn òwìwí, tí kò sì mọ bí a ti ń fa omi nínú kànga. Ẹgbẹ́ lè ní àpò ìsinmi kan tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa fi owó díẹ̀ sí lóṣooṣù, tí yóò fi kó ìyàwó àti ọmọ lọ sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ilé tí ẹgbẹ́ tún ṣe. Bí ibùsùn bá há tàbí tí òrùlé ń jò, ọmọ ẹgbẹ́ yóò sọ ọ́ ní ìpàdé. Àjèjì kò ní í sọ ọ́, kò kàn ní í padà wá ni.

Ọ̀nà náà kò le bí ti tẹ́lẹ̀ fún àwọn tí ilé wọn wà ní ìhà Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń kó èrò láti ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta lọ sí Ìbàdàn. Èyí tí ó ń ti Agbádo bọ̀ sì ń já èrò sí Ọ̀yìngbò gan-an láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà níbi tí ojú ọ̀nà kò fara rọ, kí ó ní sùúrù, kí ó tún òrùlé ṣe ná kí ilé má ba à wó, kí ó sì dá àlejò dúró. Ìtàn Casamance ti kọ́ wa ní èyí.

Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ka ẹ̀kọ́ yìí ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí akọ̀wé sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ mélòó ni ó ní ilé ẹbí ní abúlé tí ògiri rẹ̀ ṣì dúró? Nínú wọn, ta ni ó lè dárúkọ olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan láìṣiyèméjì? Ta ni ó mọ àgbà kan tí ó ṣì lè mọ ògiri amọ̀, ọmọ ọdún mélòó sì ni àgbà náà? Kí a ṣe ìṣirò òkè yìí ní ẹ̀ẹ̀kejì pẹ̀lú òru 60 dípò 120, kí a sì wo iye ọdún tí a óò fi san gbèsè tán. Ìdáhùn ìbéèrè kẹta ni kí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àpapọ̀, nítorí pé ilé lè dúró dè wá fún ọdún kan sí i, àgbà lè má lè dúró.